Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ẹ̀kọ́ Ìtàn ní Yunifásítì: Ohun tí ó Kan Olùkọ́ Yorùbá Níbẹ̀

1. Ìfáárà

Ọ̀nà tí ó ti Móníyà lọ sí Ìṣẹ́yìn ni ó gba Ìjàyè kọjá. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń gbé ní Móníyà lè wọ ọkọ̀ lọ sí Ìjàyè ní òwúrọ̀, kí ó sì padà sílé kí ọjọ́ tó rọ̀. Bí ó bá kọ ojú sí ọ̀nà kejì, tí ó gba Òjóò kọjá, kò ní pẹ́ tí yóò fi dé ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn. Ní Ìjàyè ni Kúrunmí, Àrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò, ti ṣe ìjọba. Ibẹ̀ náà ni ogun ti pa ìlú rẹ́ ní 1862. Ní yunifásítì, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ méjì ni akẹ́kọ̀ọ́ ti lè bá Kúrunmí yìí pàdé: ní ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì, nínú eré Ọlá Rótìmí; àti ní ẹ̀ka Ìtàn, nínú àwọn ìwé nípa ogun ilẹ̀ Yorùbá ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Kúrunmí tí yóò bá pàdé ní ibi méjèèjì kò sì rí bákan náà.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ni ó ń fẹ́ mọ̀ bóyá ó dára kí ènìyàn ka lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ẹ̀kọ́ Ìtàn pọ̀. Olùkọ́ Yorùbá ni wọ́n sì máa ń bi nígbà púpọ̀, nítorí pé òun ni ó mọ bí ọmọ náà ṣe ń ka ìwé. Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé ohun tí ẹ̀kọ́ méjèèjì ń béèrè, bí ọ̀kan ṣe ń ran èkejì lọ́wọ́, àti ìdí tí ó fi yẹ kí ìpìlẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú kíláàsì Yorùbá.

Kókó tí a fẹ́ fà yọ ni èyí. Àwọn baba wa ya àlọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìtàn. Ọmọdé pàápàá mọ̀ pé ìjàpá kò bá ẹnikẹ́ni ná ọjà rí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìwé kíkà ti dé, ọ̀rọ̀ náà, ìtàn, ti gba àlejò púpọ̀ sílé. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ rí, ìtàn ni. Ìwé tí òǹkọ̀wé fi ọgbọ́n inú rẹ̀ hun, ìtàn-àròsọ ni. Ènìyàn inú rẹ̀, ẹ̀dá-ìtàn ni. Bí ó sì ṣe to ìṣẹ̀lẹ̀ rẹ̀, àhunpọ̀ ìtàn ni. Nígbà tí òǹkọ̀wé bá wá mú orúkọ ẹni tí ó gbé ayé rí, tí ó fi ṣe eré, ojú akẹ́kọ̀ọ́ a dàrú. Ẹni tí ó bá ka lítíréṣọ̀ àti Ìtàn pọ̀ dáadáa ni a kọ́ ní bí a ṣe ń tú okùn yìí, tí a sì tún ń lọ́ ọ pọ̀.

2. Bí Ó Ṣe Bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn

Ọ̀rọ̀ kíka ẹ̀kọ́ méjèèjì pọ̀ kì í ṣe tuntun ní Ìbàdàn. Ní 1948 ni a dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì sílẹ̀, Ẹlẹ́yẹlé sì ni ó ti kọ́kọ́ fìdí kalẹ̀. Abẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni ó wà títí tí ó fi di yunifásítì tí ó dá dúró ní 1962. Nínú ìlànà Lọ́ńdọ̀nù yìí, oyè kan wà nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọnà tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ka ẹ̀kọ́ mẹ́ta pọ̀.

Chinua Achebe wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ wọlé ní 1948. Iṣẹ́ ìṣègùn ni ó gba ẹ̀bùn-ẹ̀kọ́ láti kà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún kan, ó yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì, Ìtàn àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn. Ìyípadà yìí mú un pàdánù ẹ̀bùn-ẹ̀kọ́ náà. Ní 1953 ni ó gba oyè rẹ̀; ní 1958 ni Things Fall Apart jáde. Wọlé Ṣóyínká pẹ̀lú wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí láti 1952 sí 1954, ó ka Gẹ̀ẹ́sì, Ìtàn àti èdè Gíríìkì kí ó tó lọ sí Leeds.

Kí a má ṣe rò pé ohun tí a fi kọ́ wọn nígbà náà ni ohun tí a fi ń kọ́ni lónìí. Ìwé àwọn aláwọ̀ funfun ni ó pọ̀ jù nínú lítíréṣọ̀ wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Mister Johnson, tí Joyce Cary kọ ní 1939 nípa Nàìjíríà. Achebe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kà á ní kíláàsì, wọn kò sì fara mọ́ ọn, nítorí wọn kò rí ara wọn nínú ènìyàn tí ó yà. Ní ẹ̀ka Ìtàn náà, Yúróòpù àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó gba iwájú.

Àwọn òpìtàn Ìbàdàn ni ó yí èyí padà. Kenneth Dike tẹ ìwé rẹ̀ lórí òwò àti ìṣèlú ní agbègbè ẹnu odò Ọya jáde ní 1956, ó sì fi hàn pé a lè gbé ìtàn àtẹnudẹ́nu àti àkọsílẹ̀ ìjọba sórí ìwọ̀n kan náà. Òun kan náà ni ó ṣiṣẹ́ takuntakun kí ilé ìpamọ́ àkọsílẹ̀ ìjọba tó wà nínú ọgbà yunifásítì náà tó dìde. Ní 1964, J. F. Adé Àjàyí àti Robert Smith tẹ ìwé jáde lórí ogun jíjà ní ilẹ̀ Yorùbá, Ogun Ìjàyè sì gba apá ńlá nínú rẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn èyí, àwọn eré àti ìwé tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì wọ ìlànà ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀. Báyìí ni ẹ̀ka méjèèjì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jẹko nínú pápá kan náà.

3. Ohun tí Ẹ̀kọ́ Kọ̀ọ̀kan Ń Béèrè

Bí a bá fún olùkọ́ lítíréṣọ̀ ní ìwé kan, ohun tí ó máa ń béèrè ni pé: báwo ni a ṣe kọ ọ́? Ta ni ó ń sọ̀rọ̀, kí ni ó ń pamọ́, kí ni àwọn òwe inú rẹ̀ ń ṣe, kí ni ìdí tí ó fi bẹ̀rẹ̀ níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀? Bí a bá fún olùkọ́ Ìtàn ní ìwé kan náà, yóò béèrè pé: ta ni ó kọ ọ́, nígbà wo, níbo ni ó wà nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣẹlẹ̀, àǹfààní wo ni ó wà fún un nínú rẹ̀, ẹ̀rí mìíràn wo ni ó tì í lẹ́yìn tàbí tí ó takò ó?

Ẹni tí ó bá ń ka méjèèjì yóò kọ́ láti bi ìwé kan ní oríṣi ìbéèrè méjì. Yóò mọ̀ pé òpìtàn pàápàá jẹ́ òǹkọ̀wé, pé ó ní ọ̀nà tí ó ń gbà fa ọkàn òǹkàwé. Yóò sì mọ̀ pé òǹkọ̀wé eré jẹ́ ọmọ ìgbà kan, pé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lóde ń wọ inú iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà wí pé agbẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹjọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni ẹni tí ó ka ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo sábà máa ń gbọ́.

4. Àpẹẹrẹ: Kúrunmí nínú Eré àti nínú Ìtàn

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà dà bí ẹni ń fi ẹnu lásán gún iyán, ẹ jẹ́ kí á padà sí Ìjàyè.

Ní 1969 ni a kọ́kọ́ ṣe eré Kurunmi ní Ilé-Ifẹ̀. Ní 1971 ni ó di ìwé. Nínú eré náà, ọ̀rọ̀ àṣà ni ó da ìjà sílẹ̀. Aláàfin Àtìbà fẹ́ kí Adélù, Àrẹ̀mọ rẹ̀, jọba lẹ́yìn rẹ̀. Kúrunmí kọ̀ jálẹ̀: bí ọba bá wàjà, Àrẹ̀mọ gbọ́dọ̀ bá a lọ. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Ọ̀yọ́, ogun dé, ìlú fọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ yóò rí akọni tí ó dúró lórí ohun tí ó gbà gbọ́ títí tí ó fi parun, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé eré ìbànújẹ́ ni. Òótọ́ ni ó kọ.

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ẹ̀kọ́ Ìtàn fi kún un. Èkíní ni pé àṣà tí Kúrunmí ń jà fún ní ọjọ́ orí tirẹ̀. Samuel Johnson ṣàlàyé nínú ìwé ìtàn rẹ̀ pé ní ìgbà láéláé, Àrẹ̀mọ a máa jọba lẹ́yìn baba rẹ̀. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé àwọn Àrẹ̀mọ ń yá ikú baba wọn ni a tó ṣe òfin pé kí wọ́n máa bá a kú. Àtìbà tí a ń pè ní ẹni tí ó ba àṣà jẹ́ lè wí pé èyí tí ó dàgbà jù ni òun padà sí. Nínú eré, àṣà dà bí òkè tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀. Nínú ìtàn, ènìyàn ni ó ṣe é, ènìyàn ni ó sì tún un ṣe.

Èkejì ni pé ìjà náà ti wà nílẹ̀ kí Àtìbà tó wàjà ní 1859. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ àtijọ́ tú, Ìbàdàn àti Ìjàyè ni ìlú ológun méjì tí ó lágbára jù lábẹ́ Àtìbà. Wọ́n ti bá ara wọn jà rí nínú Ogun Bátẹ́dò ní 1844. Ọ̀rọ̀ ìlú tí yóò máa san ìṣákọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀nà tí ọjà ń gbà, àti ọ̀rọ̀ ẹrù obìnrin ọlọ́rọ̀ kan tí ó kú láìní àrólé, gbogbo rẹ̀ ni ó para pọ̀. Ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1860 kò parí ní ọjọ́ kan: Kúrunmí kú ní 1861, Ìjàyè sì ṣubú ní oṣù Kẹta 1862. Àwọn Ẹ̀gbá wá gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Ìyàn mú nínú ìlú. Àwọn míṣọ́nnárì kó lára àwọn ọmọ tí ebi ń pa lọ sí Abẹ́òkúta. Eré tí a ń wò fún wákàtí méjì kò lè gba gbogbo èyí, a kò sì gbọdọ̀ bínú sí i nítorí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni pé lítíréṣọ̀ náà ní ìbéèrè tí ó fẹ́ bi òpìtàn. Ta ni Johnson tí gbogbo wa ń gbé ìwé rẹ̀ lọ́wọ́? Ní 1846 ni a bí i ní Sàró. Ìbàdàn ni ó ti dàgbà lọ́dọ̀ Hinderer míṣọ́nnárì àti aya rẹ̀, ọmọdékùnrin ni ó sì jẹ́ nígbà tí Ogun Ìjàyè ń lọ lọ́wọ́. Ní 1897 ni ó parí ìwé rẹ̀. Ọwọ́ àwọn atẹ̀wé ni ó ti sọnù, àbúrò rẹ̀ ni ó tún un kọ, kò sì jáde títí di 1921. Ọmọ Ọ̀yọ́ tí ó dàgbà ní Ìbàdàn ni ó ń sọ bí Ìjàyè ṣe rí. Nígbà tí ó bá pe Kúrunmí ní òǹrorò, ó yẹ kí á béèrè pé ẹnu ta ni ó ti gbọ́ ọ. Ẹni tí a ti kọ́ ní lítíréṣọ̀ mọ bí a ṣe ń gbọ́ ohùn ẹni tí ń sọ ìtàn, kò ní ṣàìgbọ́ ohùn yìí.

Ẹ̀kẹrin, 1969 tí a kọ́kọ́ ṣe eré náà, ogun abẹ́lé ń jà ní Nàìjíríà. Ní 1967 ni ó bẹ̀rẹ̀, ní 1970 ni ó parí. Ẹni tí ó jókòó wo eré yìí ní Ifẹ̀ mọ̀ pé àwọn tí wọ́n jọ ń jẹ tí wọ́n jọ ń mu tẹ́lẹ̀ ń pa ara wọn ní ìlà-oòrùn. Nítorí náà, eré náà jẹ́ ẹ̀rí fún òpìtàn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n 1969 gan-an ni ó jẹ́ ẹ̀rí fún ju 1860 lọ.

5. Ibi tí Olùkọ́ Yorùbá Wà nínú Ọ̀rọ̀ Náà

Ẹnì kan lè wí pé èwo ni ti Yorùbá nínú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìtàn. Ìdáhùn wa ni pé Yorùbá ni ó wà nísàlẹ̀ méjèèjì. Gẹ̀ẹ́sì ni Rótìmí fi kọ eré rẹ̀, ṣùgbọ́n òwe Yorùbá ni ó kún ẹnu Kúrunmí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gbọ́ òwe náà ní ojúlé rẹ̀ yóò rò pé òǹkọ̀wé kàn ń ṣe ẹwà èdè ni. Kò ní mọ èyí tí àgbà fi ń bá ọmọdé wí, èyí tí a fi ń dẹ́rù bani, àti èyí tí òǹkọ̀wé ti yí padà díẹ̀ kí ó lè bá eré rẹ̀ mu.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ìtàn. Ní 1974, Bọ́lánlé Awẹ́ kọ àpilẹ̀kọ kan tí ó fi hàn pé oríkì jẹ́ ohun èlò fún òpìtàn. Ṣùgbọ́n oríkì kì í to ìṣẹ̀lẹ̀ tẹ̀lé ara wọn. A máa yìn, a máa bú, a sì máa fi ẹ̀fẹ̀ sọ òtítọ́. Ẹni tí yóò lò ó gbọ́dọ̀ mọ ewì kí ó tó mọ ìtàn. Ta ni ó sì ń kọ́ ọmọ ní ewì alohùn Yorùbá bí kò ṣe àwa?

Ohun mìíràn tún wà. Láti ọdún ẹ̀kọ́ 2009/2010 ni a yọ Ìtàn kúrò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ tí ó dá dúró ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ní ìpele kékeré sẹ́kọ́ńdìrì. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ ṣe ìfilọ́lẹ̀ ìpadàbọ̀ rẹ̀. Láàrin àkókò yìí, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò gbọ́ orúkọ Àtìbà, Kúrunmí tàbí Látòósà ní kíláàsì mìíràn bí kò ṣe kíláàsì Yorùbá. Ohun tí a bá sọ fún wọn ni wọ́n gbé lọ sí yunifásítì gẹ́gẹ́ bí òótọ́. Ẹrù yìí kò kéré.

6. Ẹfúnṣetán àti Ọ̀rọ̀ Máàkì

Àwa olùdánwò náà ní tiwa nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á mú eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá, Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí ó jáde ní 1970. Nínú eré yìí, ìkà Ìyálóde sí àwọn ẹrú rẹ̀ ni ó mú kí Látòósà dìde sí i, májèlé ni òun fúnra rẹ̀ sì mu kú. Nínú ìwé Johnson, ẹ̀sùn tí Látòósà kà sí i lọ́rùn ni pé kò bá òun lọ sí ogun, kò fi ìpèsè ránṣẹ́, kò sì jáde wá pàdé òun nígbà tí òun ń bọ̀. A yọ ọ́ ní oyè; ní 1874, àwọn ẹrú rẹ̀ pa á nínú ilé nípasẹ̀ ọmọ tí ó gbà tọ́. Johnson mẹ́nu ba ìkà rẹ̀ pẹ̀lú, lẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo kú sórí ìkúnlẹ̀. Awẹ́, nínú ìwé kan tí ó ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1992 lórí àwọn obìnrin Nàìjíríà, fi hàn pé ìṣèlú ogun Ìbàdàn wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Bí ìbéèrè lítíréṣọ̀ Yorùbá bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàlàyé bí Ẹfúnṣetán ṣe kú, ohun tí ó wà nínú eré ni máàkì wà fún. Ẹni tí ó bá kọ ti Johnson ti kọ òótọ́ sí ibi tí a kò ti bi í. Kí olùdánwò má ṣe fún un ní máàkì ìdáhùn náà. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ rẹ̀ má ṣe pè é ní òmùgọ̀, nítorí ó ti kàwé ju àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ní ìdà kejì, ẹni tí ó bá kọ ọ́ nínú ìdáhùn ẹ̀kọ́ Ìtàn pé májèlé ni ó pa Ìyálóde Ìbàdàn, tí ó sì fi eré Ìṣọ̀lá ṣe ẹ̀rí, ti ṣìnà. Ìwé 1970 lè sọ fún wa ohun tí àwọn ènìyàn 1970 rò nípa agbára, ìkà àti obìnrin. Kò lè jẹ́rìí sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní òru ọjọ́ kan ní 1874.

7. Ìṣòro tí Akẹ́kọ̀ọ́ Yóò Bá Pàdé

A kò gbọdọ̀ fi àdídùn nìkan hàn wọ́n. Ètò yàtọ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ kan sí èkejì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní yunifásítì bíi Oxford àti York, oyè kan wà tí a fi ẹ̀kọ́ méjèèjì gbà. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ lọ́dọ̀ wa, ẹ̀kọ́ méjì ni akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń mú fún ìwé-ẹ̀rí olùkọ́. Ní yunifásítì wa, ọ̀pọ̀ a máa gba ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ pàtàkì, wọn a sì yan díẹ̀ láti ẹ̀ka kejì. Kí ọmọ wo ìwé ìlànà ìgbaniwọlé ọdún tirẹ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ ibi ni ó ń gba ẹ̀kọ́ Ìṣèjọba dípò Ìtàn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba ibẹ̀ wọlé ní láti ṣiṣẹ́ kún iṣẹ́ kí ó tó bá ẹgbẹ́ mu.

Ìwé kíkà pọ̀ ní ìlọ́po méjì. Bí a ṣe ń kọ àròkọ ní ẹ̀ka méjèèjì kò sì rí bákan náà: ohun tí olùkọ́ kan yóò yìn ní ìjìnlẹ̀ lámèyítọ́, olùkọ́ kejì lè fà á lá pé ẹ̀rí rẹ̀ dà? Ní ti iṣẹ́, ẹni tí ó lè wádìí ọ̀rọ̀, tí ó sì lè kọ ọ́ kí ó yéni, kì í ṣàìrí ìwúlò nínú iṣẹ́ olùkọ́, ìròyìn, ìtẹ̀wé, òfin àti iṣẹ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n kò sí oyè tí ó ń ṣe onígbọ̀wọ́ iṣẹ́.

8. Àbá àti Ìkádìí

Àbá wa fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa kò pọ̀. Nígbàkúùgbà tí a bá ń kọ́ eré tí ó dá lórí ẹni tí ó gbé ayé rí, ìbáà ṣe Ẹfúnṣetán Aníwúrà tàbí Baṣọ̀run Gáà ti Adébáyọ̀ Fálétí, kí á fa ilà sí ojú pátákó lọ́nà mẹ́ta: ohun tí eré sọ, ohun tí òpìtàn sọ, ohun tí a kò tí ì mọ̀. Kí á jẹ́ kí ìlà kẹta gùn tó bí ó bá ṣe yẹ, kí ojú má tì wá nítorí rẹ̀.

Èkejì, kí á kọ́ wọn láti fi ìwà ọmọlúwàbí bi àgbà ní ìbéèrè. Olùkọ́ tí ó wà ní Móníyà kò nílò owó púpọ̀ láti kó kíláàsì kan lọ sí Ìjàyè. Kí ọmọ kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó gbọ́ ìtàn tán, kí ó tó wí pé, “Ẹ jọ̀wọ́, bàbá, ta ni ó sọ ọ́ fún yín?” Ìbéèrè yìí kò tàbùkù àgbà. Ó ń bu ọlá fún ẹni tí ó ti gbọ́ ọ ni, a sì gbọ́dọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí àwa olùdánwò jẹ́ kí ìbéèrè wa hàn kedere: “nínú eré yìí” tàbí “gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìlú ṣe sọ.” Gbólóhùn kékeré yìí lè gba ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́ àṣìṣe.

Ọmọ tí ó bá ti ọwọ́ wa lọ tí ó mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin Kúrunmí orí ìtàgé àti Kúrunmí Ìjàyè, yálà Gẹ̀ẹ́sì ni ó lọ kà, tàbí Ìtàn, tàbí méjèèjì pọ̀, ọ̀nà ti là fún un. Èyí tí kò bá sì mọ̀ ọ́n, bí ó bá gba oyè méjì, ìtàn kan ṣoṣo ni yóò máa sọ.